Ojú Ọ̀gá Khoo Nínú Igi Káfúrà

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ó ní láti jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá fi irin fá ère yìí díẹ̀ lápá òsì, tí mo fá a díẹ̀ lápá ọ̀tún, tí mo jẹ́ kó rù bíi ti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa… rárá. Baba Ilẹ̀ kì í rù. Ta ló rí Baba Ilẹ̀ tó rù rí? Òrìṣà tó ń ṣọ́ àdúgbò, tó ń ṣọ́ ìrẹsì lóko, tó ń ṣọ́ ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà, bí òun fúnra rẹ̀ bá rù, àwọn èèyàn á ní ìyàn ń bọ̀. Wọn ò ní gbà á. Wọ́n á gbé e padà wá kò mí lójú.

Ètè, nígbà náà. Bí mo bá pa ẹ̀rín yẹn rẹ́ —

Baba Ilẹ̀ tí ò rẹ́rìn-ín. Hẹn. Ìyẹn tún burú ju rírù lọ.

Àti pé ọ̀la ni. Ọ̀la ni àwòrò ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ́n láàyè nínú ìgò. Wọ́n á ti agbọ́n náà sínú ihò tí mo gbẹ́ sí ère lẹ́yìn, kí ara òrìṣà lè máa gbóná, wọ́n á fi igi dí ihò náà, wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa ṣí i lójú. Bí ojú bá ti ṣí, ó parí. Irin ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Kì í ṣe igi mọ́ nìyẹn. Wọ́n á gbé e lọ sí ojúbọ tó wà lẹ́nu àdúgbò, tùràrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú rẹ̀ láàárọ̀, á máa jó lálẹ́, àgbà á máa foríbalẹ̀, ọmọdé á máa foríbalẹ̀ —

níwájú ojú Ọ̀gá Khoo tí ọwọ́ mi gbẹ́ sí i.

Ọ̀gá Khoo tó ṣì wà láyé. Tó dùbúlẹ̀ sí òpópó kejì sí mi níbí, tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀ lọ, tí èémí rẹ̀ ń ṣe fìn-ín, fìn-ín, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ.

Ta ni ò mọ̀? Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi méjì mú oúnjẹ. Wọn kì í bọ alààyè. Ẹni tí wọ́n bá sun tùràrí fún lójú ayé rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ni iná náà ń jó. Ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ àwọn òkú ilé wa, àfi ẹni tó bá ti kú tán. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì gbé e síbẹ̀, igbe ni ìyá mi ń ké. Ọwọ́ kan náà tó gbá mi létí nítorí fọ́tò ni mo wá jogún, mo fi gbẹ́ irú èyí.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹ wò ó dáadáa! Ṣé ẹ fẹ́ pa bàbá mi ni?"

Li-hun nìyẹn láàárọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò yarun, kò wọ bàtà tó bára mu. Ó ṣí aṣọ pupa tí mo fi bo ère náà lójú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ṣe rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ètè ère náà.

"Ẹnu bàbá mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tó sùn sí. Omi ìrẹsì ni mò ń fi ṣíbí da sí i lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde. Èyí wá jókòó síbí, ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ ti mú ẹnu rẹ̀ lọ síbí, Àǹtí! Ẹ dá a padà!"

Kí ni mo sọ? Mo ní, "Li-hun, jókòó, mu tíì." Tíì! Bí ẹní ń da omi sórí àpáta. Ó wò mí, ó fa aṣọ pupa náà bò ó padà, ó rọra fà á, bí ẹní ń bo ọmọ tó sùn. Ó ní kí n yí ojú náà padà kí àwòrò tó dé. Ó ní òun ò bínú sí mi. Ó ní òun kàn ń bẹ̀ mí ni. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni…

Ó bẹ̀ mí. Ọmọ Ọ̀gá Khoo ń bẹ èmi.

Ó dáa. Mú irin, Siok-bi. Jókòó dáadáa. Obìnrin tó ti gbẹ́ òrìṣà títí eyín rẹ̀ fi kán, ojú kan ṣoṣo ló wá ń dà ẹ́ láàmú. Igi ni. Igi káfúrà ni, òórùn rẹ̀ kún gbogbo ilé bí inú àpótí aṣọ ìyàwó. Ibi tó bá tóbi, gé e. Ibi tó bá dín, fi sílẹ̀. Ohun tí ọkọ mi máa ń sọ nìyẹn, kó tó kú tó fi irin rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú igi ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ò nípọn. Mo gbẹ́ ihò ẹ̀yìn jìn jù. Bí mo bá fá ju bó ṣe yẹ, á sán. Bó bá sán, kò sí igi mìíràn. Igi tí Ọ̀gá Khoo fúnra rẹ̀ fi pamọ́ sí ìsọ̀ igi rẹ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ni. Ó gbé e wá nígbà òtútù tó kọjá, lẹ́yìn tí ikán jẹ Baba Ilẹ̀ àtijọ́ tán. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti sọ pé ẹ ò gbẹ́ ère ńlá mọ́. Ẹ gbẹ́ ẹyọ kan yìí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n fi igi sílẹ̀ bí igi ṣe wà." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá." Nígbà wo ni mo sọ fún un rí pé bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀gbọ́n. Lóòótọ́ mo jù ú lọ. Ọdún tí ìjì ńlá gbé ọkọ̀ ojú omi gun orí òrùlé ni wọ́n bí mi, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí i. Òun ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi ń pè é ní Ọ̀gá. Àwọn aládùúgbò máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló gbẹ́ ẹ. Èèyàn ń gbẹ́ arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín, arúgbó wo ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí kò ṣe —

Irọ́.

Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nígbà tí òkè ojú yọ, mo ti mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dúró, mo gbé irin sílẹ̀, mo mu omi, mo tún gbé irin, mo ń bá a lọ. Inú mi ń dùn. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń se oúnjẹ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí A-Tiam tó ń ta ìṣáwùrú gbé agbọ̀n rẹ̀ wọlé, tó rí i, ó pàtẹ́wọ́, "Yéè! Ọ̀gá Khoo rèé o! Ó kù díẹ̀ kó bi mí pé, A-Tiam, ṣé o ti jẹun? Àǹtí Siok-bi, ẹ ti sọ Ọ̀gá di òrìṣà, ẹ ní kó dín owó igi kù fún mi, mo fẹ́ tún ilé ìgbẹ́ mi ṣe!" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ẹ̀pà. Mo rẹ́rìn-ín! Kò pẹ́ lẹ́yìn tí A-Tiam ta ìṣáwùrú náà tán tí wọ́n ní Ọ̀gá Khoo ṣubú sídìí kànga.

Ó ṣubú nígbà tí ẹ̀rín náà parí. Tí mo fi yanrìn dán ètè náà tán.

Kian-bing ọmọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù: "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Iyọ̀ ni. Ẹja oníyọ̀ tó ń jẹ láàárọ̀ ni. Kí ló kan igi níbẹ̀?" Ó kàwé. Ta ló sì rán an níwèé? Ọ̀gá Khoo. Ibi gbogbo tí mo bá yíjú sí nínú ilé yìí, òun ni. Òrùlé, lẹ́yìn ìjì, òun ni. Fìríìjì tó ń kùn ní ẹ̀yìn yẹn, òun ni. Àga tí mo jókòó lé. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí n má dààmú.

Àti kí gbogbo ìyẹn tó dé, iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ta ló fẹ́ gba òrìṣà lọ́wọ́ obìnrin? "Ọwọ́ tó ń fọ aṣọ nǹkan oṣù! Kó wá fi gbẹ́ ojú òrìṣà!" Àwọn àgbà tẹ́ńpìlì sọ ọ́ sí mi lójú, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin onígi yìí ṣe sọ gẹdú kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní kí n gbẹ́ òrìṣà Ìyá Òkun fún yàrá àlejò ilé òun. Mo ní, Ọ̀gá, wọ́n á bú yín. Ó ní, "Ìyá Òkun kì í ṣe obìnrin ni? Àbí àwọn àgbà tẹ́ńpìlì ló fẹ́ wẹ̀ fún un?" Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà kí gbogbo òpópó lè gbọ́. Ó gbé e sí ojú kòrókòró, ẹni tó bá wá ra igi á rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá. Àwọn tó bú mi náà wá.

Mo kúnlẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Lórí èérún igi níbí. Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó tẹ iná! "Háà! Ẹ̀gbọ́n ń kúnlẹ̀ fún àbúrò! Ṣé ẹ fẹ́ kí àrá sán pa mí ni? Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ̀mí mi ni ẹ̀ ń gé!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fò lóòótọ́. Kò jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, nínú èérún igi, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó ní òun ò ní dìde bí èmi ò bá dìde.

Mo dìde.

Ṣé mo dìde?

Jẹ́ kí n fá òkè ojú. Díẹ̀. Kó wálẹ̀ díẹ̀ sí ojú, kó dà bí ẹni tó ń ronú. Bẹ́ẹ̀ ni… díẹ̀ sí i… Ó burú. Òun náà nìyẹn nígbà tó bá ń ka ìwé ìròyìn. Ó tún wá jọ ọ́ sí i! Kí ni mo máa fọwọ́ kàn nínú igi yìí tí kò ní jẹ́ òun?

Mo fún un ní ẹyin, ó fún mi ní adìyẹ. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo gbé gbòǹgbò rádíìṣì gbígbẹ tí mo sá fúnra mi lọ fún ìyàwó rẹ̀, kó tó di alẹ́, ìrẹsì ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo gbẹ́ ẹja méjì fún ìgbéyàwó Li-hun, mo fi oorun du ara mi lé e lórí, mo ní èyí ò ní rí èsì, fìríìjì dé. Kí ni èèyàn ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bó o bá sáré, ó ti wà níwájú. Bó o bá dúró, ó ń wò ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lójoojúmọ́ kí n ṣí ẹnu kí n sọ pé ẹ ṣé. Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá. Ẹnu mi ti rí bí ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì.

Mo wá rí ohun kan tí kò lè fi nǹkan kan dá padà. Ta ló lè dá tùràrí padà? Ìyẹn ló dùn mọ́ mi nínú. Òun gan-an. Nígbà tí mò ń dán ètè yẹn, mo ní lọ́kàn mi, ó tán, Ọ̀gá, ẹ gba èyí, ẹ jẹ́ kí n rí bẹ́ ẹ ṣe máa fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan —

Mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbà á. Mo mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó bá gbà á. Mo sì ṣe é. Àbí mo fẹ́ kó…

Rárá. Rárá o. Kí ẹnu mi má sọ ọ́. Ta ló ń ro irú èyí lọ́sàn-án gangan? Omi ń hó lórí iná, lọ pa iná. Ó dáa, mo ti pa á. Jókòó.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀n tó ti lọ, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kó dúró. Kó dúró síbì kan, kó yé fún mi ní nǹkan.

Ronú bí oníṣẹ́, Siok-bi. Bó o bá fẹ́ lé èèyàn jáde nínú ilé, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ yàrá tó wà. Pè é wá sọ́kàn. Rí i dáadáa, ní gbogbo ojú rẹ̀, kó o wá gé ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn. Ó dáa. Ọ̀gá Khoo ń wọlé. Ọ̀sán ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, nítorí opó ni mí, òun sì níyàwó, àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ máa rí wa láti ìta. Ó mú àkàrà ẹ̀wà tútù dání nínú bébà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí gẹdú yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹun?" Mo ti jẹun, Ọ̀gá. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Òmíràn. Ọ̀gá Khoo lọ́jọ́ tí Kian-bing yege. Ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn. Ọ̀gá Khoo lórí òrùlé mi, òjò ń pa á. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí kí n na ìṣó sí òun. Òmíràn. Òmíràn!… Ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú kan ṣoṣo. Irú ọkùnrin wo ló ní ojú kan? Èmi tí mo lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n wo ajá tó ń kọjá, kí n wọlé gbẹ́ ibi tó ń dùn ún nínú ẹsẹ̀…

Ọjọ́ kan wà.

Ọjọ́ kan wà, lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Ó wá ní ọ̀sán bó ṣe máa ń wá, kò mú nǹkan kan dání. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọlé mi lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, lórí gẹdú. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun. Mò ń gbẹ́ nǹkan kan, ọwọ́ ẹnì kan ni, mo ranjú mọ́ ọn. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí."

Mo gbójú sókè.

Ojú rẹ̀ ti já bọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sísàlẹ̀, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, kò nù ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí àpò tí wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú báyìí, bí ẹni tó ń gbé àwo, kò sì sí àwo. Ó ń wò mí. Àbúrò ni. Ọkùnrin kan báyìí ni, tó ti rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó rìn kọjá ìsọ̀ rẹ̀, tó kọjá ilé ọmọ rẹ̀, tó kọjá gbogbo àwọn tó ń kí i ní Ọ̀gá, Ọ̀gá, tó wá síbí.

Èmi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n po tíì fún yín."

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn. Mo gbé omi kaná. Mo dúró tì í. Omi hó, mi ò gbé e. Mo ń gbọ́ ọ níhìn-ín, ó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí fún un. Mo ní lọ́kàn mi, Ọ̀gá ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀ ta ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí? Mo dúró títí omi fi fẹ́ẹ̀ gbẹ. Mo tún da òmíràn sí i. Mo jẹ́ kí ìyẹn náà hó.

Nígbà tí mo gbé tíì jáde, ó ti tún ojú rẹ̀ ṣe. Ó ti nu imú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife. "Tíì yín dára, Ẹ̀gbọ́n. Ó dára." Ó mu ún, gbígbóná rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ. Nígbà tó padà wá, ó mú àkàrà ẹ̀wà dání, ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fi í sílé wá rí.

Ọkàn mi sì balẹ̀. Mo rántí. Mo ní, ẹ kú oríire, Ọ̀gá ti padà bọ̀ sípò.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́wọ́ òfo. Ìgbà kan ṣoṣo nínú gbogbo ayé wa, ó dé láti gbà, kì í ṣe láti fún ni. Kì í ṣe igi, kì í ṣe ère, kì í ṣe ẹ ṣé. Kí n kàn jókòó. Kí n gbé irin sílẹ̀ kí n jókòó, kí n wò ó, kí n ní, gbé ọwọ́ rẹ wá síbí, Bun-hok. Bun-hok lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sin ín. Mo wá lọ síbi omi. Nígbà tó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìkúnlẹ̀ mi, ó rò pé òun bọ́. Kò bọ́. Mi ò dìde rí. Orúnkún mi ò kúrò nílẹ̀ látọjọ́ náà, ní gbogbo ọ̀sán tó ń wọlé wá wá èèyàn, abọ̀rìṣà ló ń bá níbí.

Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ tún wá wọ́, ní ìsinsìnyí, ní òpópó kejì, kò lè tún un ṣe mọ́. Bí mo bá lọ síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mọ ara mi. N ó gbé rádíìṣì dání. N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, n ó tẹrí ba, n ó ní Ọ̀gá, ẹ kú ìnira. Li-hun ní kò mọ èèyàn mọ́. Ó ní ó kàn ń na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń nà án kiri lórí ìbora, àwọn ò mọ ohun tó ń wá.

Wò ó, Siok-bi. Wo igi tó wà níwájú rẹ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún. Ètè tó gbé sókè. Ojú tí ohunkóhun ò dùn rí, tí ò sunkún rí, tí ò ní ìyàwó, tí ò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Ojú tó ń fún ni, tó ń fún ni, tí kì í béèrè. Ojú tó máa ń wọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn ni. Gbogbo àdúgbò mọ ìyẹn. A-Tiam mọ̀ ọ́n. Ó gbé e wá fún wọn bó ṣe ń gbé àkàrà ẹ̀wà wá, nínú bébà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bọ́ ọ sílẹ̀ lójú mi, mo sì sá kúrò níwájú rẹ̀ kó lè rí àyè gbé e wọ̀ padà.

Li-hun, ọmọ mi, lọ sùn. Lọ jẹun. Kí wọ́n sun tùràrí, kí wọ́n sun ún títí òrùlé ojúbọ á fi dúdú, kí gbogbo ìlú foríbalẹ̀. Kò ní jó irun kan lára bàbá rẹ. Kò sí níbí. Mo ti tú gbogbo ilé wò, yàrá dé yàrá, kò sí níbí. Kò sí alààyè kankan nínú igi yìí. Ọkùnrin tó jókòó sórí gẹdú yẹn tó na ọwọ́ síwájú, òun lo ń fi ṣíbí fún lómi ìrẹsì, òun ló ń kú lọ lọ́dọ̀ yín. Èmi ò gbẹ́ ẹ. Mi ò wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Màá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí padà fún ẹ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kò le. Díẹ̀ lápá òsì, díẹ̀ lápá ọ̀tún, kó má sán. Mo gbé irin sí i báyìí. Igi náà rọ̀, ó ń gbà, òórùn káfúrà ń jáde. Mò ń gé e, mò ń gé e… kò sì sí ẹni tí mò ń lé jáde.